Ìṣìjóná tàbí Àìràn-iná?

Nínú àkójọ ìperí kan tí a fi ránṣẹ́ sí mi láti yẹ̀ wò, mo rí ‘ìṣìjóná’ gẹ́gẹ́ bí orúkọ àìsàn ẹ́ńjìnnì tí sílíńdà rẹ̀ kan dákẹ́. N kò fara mọ́ ọn.

Mo gbé Honda CD175 tí bàbá mi gùn ní àwọn ọdún 1970 lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Sílíńdà méjì ni ó ní. Mẹkáníìkì náà tan án, ó ta omi sí páìpù èéfín méjèèjì: ọ̀kan hó ṣìì, èkejì tutù. Ó gbé púlọ́ọ̀gì ọ̀tún sí òsì, ó gbé ti òsì sí ọ̀tún. Àìsàn náà sì bá púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lọ. ‘Ọ̀gá, iná kò ràn níbẹ̀,’ ni ó wí. Nígbà tí ó yọ ọ́, epo bẹntiróòlù ṣì tutù lára rẹ̀.

Kò sí ohun tí ó ṣì jó níbẹ̀. Kò jó rárá ni. Iná tí ó ràn ṣáájú àkókò rẹ̀, àìsàn mìíràn ni ìyẹn, orúkọ tirẹ̀ sì yẹ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ti ọ̀dọ̀ ìbọn mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ tiwa kì í ní ìbọn ṣì yìn, ó ní ìbọn kọ̀.

‘Àìràn-iná’ ni mo dábàá. Wọ́n lè ní iná ìdáná pẹ̀lú a máa kọ̀ láti ràn. N kò rí aburú níbẹ̀.