Nígbà tí ọ̀nà ilé ìwé bá léwu: Ìdí tí àwọn òbí kan fi ń kọ́ ọmọ wọn nílé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ní Ìlobùú tàbí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ní ogún ọdún sẹ́yìn pé òun kò ní fi ọmọ òun sí ilé ìwé, pé inú ilé ni òun yóò ti máa kọ́ ọ, kí ilẹ̀ tó ṣú ni mọ̀lẹ́bí yóò ti pe ìpàdé lé olúwarẹ̀ lórí. Wọn yóò bi í bóyá owó ni kò sí, tàbí ẹnì kan ló ń fi nǹkan ṣe é. Láti ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955 tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ni ilé ìwé ti di ohun tí òbí Yorùbá fi ń yangàn. Àgbẹ̀ tí kò mọ ọ̀ọ́kọ rẹ̀ kọ a máa ta kòkó láti fi rán ọmọ lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì.

Ọ̀rọ̀ ti ń yí padà báyìí. Ní Èkó, Àbújá àti Ìbàdàn, àwọn òbí kan wà, tí púpọ̀ nínú wọn kàwé dáadáa, tó jẹ́ pé inú ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ìdánwò WAEC. Lójú àwọn aládùúgbò, wọ́n ń ṣe bí òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ kí ọmọ máa kàwé nílé kò bá ti òyìnbó wọlé. Inú ìbẹ̀rù ló ti wá.

Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òrólù. Ìlú méjèèjì súnmọ́ ara wọn débi pé àlejò tó bá gba Òṣogbo wá kò ní tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, àmọ́ nígbà tó di ọdún 2025, ó le débi pé ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n dáná sun ilé, àwọn ènìyàn sì fi ilé wọn sílẹ̀ sá lọ. Gómìnà Adémọ́lá Adélékè kéde kónílé-ó-gbélé oníwákàtí 24 ní Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, wọ́n sì kó àwọn agbófinró dà sí ìgboro.

Kónílé-ó-gbélé kì í yọ ọmọ ilé ìwé sílẹ̀. Bí ìyálọ́jà kò bá lè dé ọjà, tíṣà náà kò lè dé kíláàsì. Lẹ́yìn tí ìjọba sì ti dẹ okùn òfin náà, ohun tó ń jẹ òbí lọ́kàn kì í ṣe bóyá ilé ìwé ti ṣí. Ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà débẹ̀ ni. Nínú ìlú méjì tó fara kan ara wọn báyìí, ilé ọmọ lè wà lápá ibí kí ilé ìwé rẹ̀ wà lápá ọ̀hún, kí tíṣà tó ń kọ́ ọ sì jẹ́ ọmọ ìlú kejì. Ìyá tó bá ní kí ọmọ òun má tíì lọ, ta ni yóò bá a wí?

Ẹ jẹ́ kí á la ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú. Kíkọ́ ọmọ nílé yàtọ̀ sí mímú ọmọ jókòó sílé. Òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé ní ìwé lọ́wọ́, ó ní wákàtí tí ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, ó mọ ibi tí ọmọ bá ìṣirò dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì mọ ìdánwò tí òun ń tìtorí rẹ̀ múra sílẹ̀. Òbí tó mú ọmọ jókòó sílé ń dúró de ọjọ́ tí ìlú yóò tòrò ni. Bí ọjọ́ náà bá pẹ́ kó tó dé, ọmọ yóò bá ìyá rẹ̀ dé ọjà lónìí, yóò bá bàbá rẹ̀ dé oko lọ́la, nígbà tí yóò bá sì fi pé oṣù mẹ́ta, á ti mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrí kan, á sì ti gbàgbé ìṣirò ìlọ́po tó ti kọ́ sórí. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni, iṣẹ́ ilé àti àbúrò pípọ̀n ti gba ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ ní agbègbè yìí kò tíì di ẹ̀kọ́ ilé. Ìdádúró lásán ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọra lójú ẹni tó ń kọjá lọ.

Ìbẹ̀rù ọ̀nà yìí kò mọ sí Ìlobùú àti Ìfọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn ajínigbé wọ Lagos Model College ní Ìgbónlá, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà lọ, ó sì lé ní oṣù méjì kí àwọn ọmọ náà tó padà fojú kan òbí wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, inú ọkọ̀ ilé ìwé ni wọ́n ti jí àwọn ọmọdé àti tíṣà wọn gbé ní Ẹmùré-Èkìtì. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ ní Maga ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti ní Papiri ní ìpínlẹ̀ Niger, èyí tó mú kí ìjọba àpapọ̀ ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ pa. Òbí tó bá ń gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lórí rédíò lárààárọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún wàásù fún un kó tó di ilẹ̀kùn mú.

Àwọn mìíràn ní ìdí tiwọn tí kò kan ogun tàbí ajínigbé. Ti ẹ̀sìn ń bẹ níbẹ̀. A kò ní tètè gbàgbé ọdún 2016 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nígbà tí Adájọ́ Jídé Fálọlá ti ilé ẹjọ́ gíga Òṣogbo dájọ́ ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè máa lo híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba, tí àwọn ọmọ Krìsìtẹ́nì kan ní Baptist High School, Ìwó sì wọ aṣọ kwáyà àti aṣọ funfun ìjọ wọn wá sí kíláàsì. Látìgbà náà ni àwọn òbí kan nínú ẹ̀sìn méjèèjì ti ń sọ pé ilé ìwé ti di ibi tí àgbàlagbà ti ń fi ọmọ jà. Ti ìjọba tó ń yí ètò padà náà ń bẹ níbẹ̀. Ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá da ilé ìwé pọ̀, ó yí orúkọ kíláàsì padà, ó sì ní aṣọ kan náà ni gbogbo ọmọ yóò máa wọ̀. Nígbà tó di ọdún 2020, ìjọba Oyètọ́lá ní kí ohun gbogbo padà sí ti tẹ́lẹ̀. Òbí tó ra aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kò gbàgbé.

Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé ò mọ̀ ni ojú tí òfin fi ń wò wọ́n. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UBE ti ọdún 2004 là á mọ́lẹ̀ pé gbogbo òbí gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ọmọ rẹ̀ lọ sí pírámárì àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, kó sì parí rẹ̀. Òbí tó bá kọ̀, ìkìlọ̀ ni ti àkọ́kọ́ nílé ẹjọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Bó bá tún ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, 5,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì, tàbí méjèèjì. (Owó tó jẹ́ ìtanràn lọ́dún 2004, ṣe ni ènìyàn yóò ṣọ́ra kó tó fi ra ìwé kan lọ́jà lónìí.) Òfin náà kò mẹ́nu ba òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé, yálà láti fọwọ́ sí i tàbí láti dá a lẹ́kun. Nípa bẹ́ẹ̀, olùkọ́ àgbà tó fẹ̀yìntì tó ń fi ìwé kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ àti ẹni tó ń fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kiri ọjà, ọgbọọgba ni wọ́n lójú òfin. Nígbà tí UNICEF sì sọ ní ọdún 2022 pé àwọn ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 18 ni kò sí ní ilé ìwé ní Nàìjíríà, kò sí àyè kan lọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ọmọ tó ń kàwé nílé.

Ibòmíràn kò rí báyìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, òfin ẹ̀kọ́ wọn ti ọdún 1996 sọ pé kí òbí rí i pé ọmọ kẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ é, yálà ní ilé ìwé tàbí lọ́nà mìíràn. Inú ọ̀rọ̀ kékeré tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ ilé wọn dúró lé, àwọn ọmọ tó ju 111,000 lọ ni ìjọba wọn sì kà pé wọ́n ń kàwé nílé ní ìparí ọdún 2024. Gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà ló gbà á láàyè. Jámánì ní tirẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ gbọ́dọ̀ dé kíláàsì, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù sì dá wọn láre ní ọdún 2019. Àwọn tó gbà á àti àwọn tó kọ̀ ọ́, kálukú sọ tẹnu rẹ̀. Tiwa nìkan ló dákẹ́.

Ṣé ilé tiẹ̀ lè kọ́ ọmọ dójú àmì? Àwọn àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń bẹ̀rù jù níbí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí tó dára jù lọ tó lè fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ kò jìnnà sí wọn. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bàbá àgbà tó bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń pín ilẹ̀ sí mẹ́rin kò tíì jìnnà sí ìdá mẹ́rin inú ìwé. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní pírámárì ní ọdún 2022, kó tó di pé Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàùsá, kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé àwọn ti fagi lé e. Òfin èdè tó ń de tíṣà ní kíláàsì kò dé yàrá bàbá àgbà.

Mọdákẹ́kẹ́ kan náà yìí, ẹ ó rántí, ló bá Ifẹ̀ jà láti ọdún 1997 títí di ọdún 2000, tí ọ̀pọ̀ ìdílé fọ́n ká. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ilé ìwé nígbà náà ti di òbí lónìí, wọn kò sì nílò ìwé ìròyìn láti mọ̀ bí ọdún ìwé tó bọ́ sọ́nù ṣe ń ṣòro láti rí padà.

Ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí. Ọmọ tó kàwé nílé lè ṣe ìdánwò WAEC ti àwọn tí kò sí ní ilé ìwé, èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún báyìí, NECO náà sì ní tirẹ̀. Bó bá yege, JAMB kò ní bi í léèrè aṣọ ilé ìwé tó wọ̀, bó bá ṣáà ti pé ọmọ ọdún 16. Àmọ́ ṣáájú kó tó dé ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ta ni yóò jẹ́rìí pé ọmọ yìí ti ka ìwé mẹ́fà? Bí òbí bá yí ọkàn padà, kíláàsì wo ni wọn yóò fi ọmọ sí? Níbo ni ọmọ tó ń kọ́ kẹ́mísìrì yóò ti rí yàrá àyẹ̀wò? Àwọn òbí Èkó ń fi owó yanjú èyí: wọ́n ń gba tíṣà lẹ́sìn, wọ́n ń ra ìwé láti òkè òkun, wọ́n sì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Àgbẹ̀ Ìfọ́n kò ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá fi apá kan jọ olówó Èkó nínú ìpinnu, kò lè jọ ọ́ nínú ìnáwó.

Ohun tí àgbẹ̀ Ìfọ́n ní ni ènìyàn. Agboolé tí kò ní tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tàbí ọ̀dọ́ tó ti gba ìwé ẹ̀rí NCE tí kò rí iṣẹ́, kò pọ̀ ní agbègbè yìí. Ilé kéú ti fi hàn wá tipẹ́ pé ẹni kan pẹ̀lú ẹní àti wàláà lè kọ́ ogún ọmọ lábẹ́ igi, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà. Bí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òrólù bá fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ìwé iṣẹ́ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn sílẹ̀, kí ilé ìwé sì gba ìwé náà wọlé nígbà tí ọmọ bá padà, kónílé-ó-gbélé mìíràn kò ní lè kó ọdún ọmọ lọ. Kò ná ìjọba ní owó tó pọ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ọ́fíìsì méjèèjì yóò ní láti jókòó pọ̀ sórí tábìlì kan, nígbà tí àwọn ìlú wọn ṣì ń bá ara wọn fa ilẹ̀.

Àwọn ọmọ tó wà ní pírámárì kẹta ní Ìlobùú àti Ìfọ́n nígbà tí ogun náà gbóná ní ọdún 2025 ló yẹ kí á fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àfo náà ṣe jìn tó kò nílò ìgbìmọ̀. Kó kọ ìṣirò pínpín kan sára pátákó, 144 sí ọ̀nà 6, kó kó ẹfun lé ọmọ lọ́wọ́, kó sì dúró.