Ẹ Jẹ́ Kí A Bèèrè Ẹ̀rí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìsọ̀yè, Ìdánwò àti Ìmọ̀ Ìṣirò

 

 Bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́ ni ìsọ̀yè máa ń di ọjà. Ẹni tí ń tà á yóò ní, "Ọmọ mẹ́wàá ló lò ó, méje nínú wọn ló yege." Òbí tí ó gbọ́ èyí yóò tọwọ́ bọ àpò. A kò sọ pé irọ́ ni ẹni náà ń pa. Ohun tí a ń bèèrè ni pé, ṣé ọ̀rọ̀ yìí tó ẹ̀rí?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Arbaína ti Imaamu Nawawi mọ hàdíìsì kẹtàlélọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ wa pé ọrùn ẹni tí ó pe ẹjọ́ ni ẹ̀rí wà. Bí àwọn onímọ̀ sítátístíìkì ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Wọn yóò kọ́kọ́ gbà pé oògùn náà kò ṣe nǹkan kan, títí ẹ̀rí yóò fi dé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò bèèrè pé, bí kò bá ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mélòó ni àkọsẹ̀bá lásán lè mú irú èsì yìí wá?

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìdajì àwọn ọmọ ló máa ń yege láìlo ohunkóhun. Ó dà bí ẹni ju kọ́bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí orí rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò ṣẹlẹ̀ ní bíi ìgbà 17 nínú 100. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì. Àṣà àwọn onímọ̀ ni pé bí ó bá dín sí ìgbà 5 nínú 100 ni wọ́n tó ń kọ̀ láti pè é ní àkọsẹ̀bá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ 70 nínú 100 ló yege, àkọsẹ̀bá kò lè mú un wá ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 10,000. Ìdá kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wọn kò dọ́gba. Èyí kò ní ya akẹ́kọ̀ọ́ hàdíìsì lẹ́nu, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí ẹnì kan ṣoṣo gbà wá kò lágbára tó èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà wá.

Èkejì ni àlàfo ìdánilójú. Bí a bá bi òbí 400, tí a ṣà láìṣojúsàájú láàárín ìlú, ní ìbéèrè kan, tí 240 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, 60 nínú 100 nìyẹn. Onímọ̀ kò ní búra pé 60 géérégé ni gbogbo ìlú. Yóò ní ó wà láàárín bíi 55 sí 65. Bí ó bá jẹ́ òbí 100 péré ló bi, àlàfo náà yóò fẹ̀ tó bíi 50 sí 70. Bí a bá ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àlàfo tí a ń rí yóò mú òtítọ́ ní bíi ìgbà 95 nínú 100. Áfáà tí ó ń fi "Ọlọ́run ló mọ̀ jù" parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò mọyì ìwà yìí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsọ̀yè nìkan. Ní 1954, ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti Jonas Salk wò. Bíi ọmọ 200,000 gbà á, bíi 200,000 mìíràn gba abẹ́rẹ́ omi lásán. Ọmọ, òbí àti dókítà kò mọ èyí tí ẹnikẹ́ni gbà. Àrùn náà mú bíi 28 nínú 100,000 àwọn tí ó gba àjẹsára, ó sì mú bíi 71 nínú 100,000 àwọn yòókù. Àkọsẹ̀bá kò lè ṣe èyí. Síbẹ̀, ní 2003, àhesọ mú kí Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá dá àjẹsára tí a ń kán sọ́mọ lẹ́nu dúró. Ó di 2004 kí Kano tó padà sí i, àrùn náà sì ti ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọmọ tí ó yarọ nígbà náà kò lè gba ẹsẹ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ àhesọ.

Àwọn kan yóò ní, ṣé kí a má tọrọ àdúà mọ́ ni? Rárá o. Ìjọsìn ni àdúà, kì í ṣe ọjà. Ẹni tí ó bá fi iye ènìyàn polówó ọjà ni a ní kí ó mú ẹ̀rí wá. Bí kò bá sì rí ẹ̀rí mú wá, a kò tíì sọ pé a ti mọ̀ dájú pé ọjà rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ohun tí a sọ ni pé owó ilé-ìwé kò gbọdọ̀ bá a lọ.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn mùdíírù wa kí wọ́n fi ìmọ̀ yìí kún ẹ̀kọ́ àwọn kíláàsì àgbà. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta: Ọmọ mélòó ló lò ó? Mélòó ni kò lò ó tí ó sì yege? Ta ló yan àwọn tí ó lò ó? Bí ó bá jẹ́ àwọn tí ń kàwé lóru ló rà á, ìwé tí wọ́n kà ni ẹ bá máa yìn.

Kí Ọlọ́run fi òtítọ́ hàn wá ní òtítọ́, kí Ó sì fún wa ní agbára láti tẹ̀lé e. Áàmín.