Ilẹ̀kùn Yàrá Ìkàwé Ni Kí Ẹ Ṣí

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn àgbà wa: àwọn ọmọ ìwòyí kì í kàwé. Kọmíṣánnà á sọ ọ́, alága káńsù á tún un sọ, pásítọ̀ á fi ṣe ìwàásù, lèmọ́mù á fi ṣe wáàsí. Bí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹrin bá sì ti dé, tí í ṣe Àyájọ́ Ìwé Lágbàáyé, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń ṣí ètò káàkiri. Wọ́n á bú ọmọ, wọ́n á bú fóònù, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò, ó di ẹ̀ẹ̀míì.

Irọ́ ni. Ọmọ ń kàwé. Ìwé ni kò rí kà.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó dúró ti ìyá alákàrà láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń rà. Ọmọ á gba àkàrà, á tú bébà tí wọ́n fi wé e, ojú rẹ̀ á sì bọ́ sórí ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ó lè jẹ́ ewé ìwé ìtàn tó ya, ó lè jẹ́ ìbéèrè ìdánwò, ó lè jẹ́ ìwé ìròyìn tó ti pẹ́ nílẹ̀. Á máa jẹ, á máa kà, á máa fi ìka nu epo kúrò lójú ọ̀rọ̀ kó lè rí èyí tó wà lábẹ́. Bó bá dé ìsàlẹ̀ tí ìtàn já, á yí bébà náà padà, bóyá ìyókù wà lẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n ní kì í kàwé nìyẹn o, tó ń wá ìparí ìtàn kiri nínú bébà àkàrà.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Alesa. Epo bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ orúkọ ìlú yìí, nítorí ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìfọpo àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1965, ní ilẹ̀ Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt. Port Harcourt yìí kan náà ni àjọ UNESCO fi joyè Olú-Ìlú Ìwé Lágbàáyé lọ́dún 2014. Ọwọ́ Bangkok ló ti gba oyè náà, Incheon ní ilẹ̀ Kòríà ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sí ìlú aláwọ̀ dúdú kankan ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sahara tó jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ̀. Accra kò jẹ ẹ́ títí di 2023. Ìbàdàn tó ní yunifásítì àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa kò tíì jẹ ẹ́ dòní. Ohun tí àwọn tó yan Port Harcourt sì torí ẹ̀ yàn án ni pé ètò tí ẹgbẹ́ Rainbow Book Club gbé kalẹ̀ dá lórí àwọn ọ̀dọ́ gan-an.

Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní nígbà náà ti tó ẹni tó ń wá yunifásítì báyìí. Ohun kan ṣoṣo ló sì lè fi hàn bóyá oyè náà dé Alesa tàbí ó parí sí gbọ̀ngàn ìpàdé láàárín ìgboro: ṣé ọmọ ọdún mẹ́jọ ní iléèwé ìjọba lè wọ yàrá ìkàwé iléèwé rẹ̀ lónìí, kó mú ìwé tó wù ú, kó sì gbé e lọ sílé? Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ oyè ti kọjá, ẹ jẹ́ ká kó àga tá a háyà padà.

Ohun tí wọ́n sì ń pè ní yàrá ìkàwé ní ọ̀pọ̀ iléèwé ìjọba, ì báà jẹ́ ní Rivers, ì báà jẹ́ ní Ọ̀ṣun, kọ́bọ́ọ̀dù kan ni nínú ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé. Agádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì ọ̀gá. Ẹni tó bá rí inú rẹ̀ á bá ẹnsaikilopídíà láti òkè òkun tó ṣì ń pe Rọ́ṣíà ní Soviet Union, á bá ìwé ìtàn nípa ọmọ tó ń fi yìnyín mọ ère, á sì bá òǹtẹ̀ ẹni tó fi wọ́n ta iléèwé lọ́rẹ, gàdàgbà, lójú ewé àkọ́kọ́. Bí alábẹ̀wò bá ń bọ̀, wọ́n á nu eruku, wọ́n á ṣí i sílẹ̀. Bó bá ti lọ tán, agádágodo á padà sẹ́nu iṣẹ́. Lórí táìmùtébù, ọjọ́ Ẹtì ni wákàtí láíbúrárì. Lọ́jọ́ Ẹtì, koríko ni wọ́n ń ro.

Ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá ní iléèwé gbọ́dọ̀ pèsè yàrá ìkàwé tó ń ṣiṣẹ́. Ìjọba ló ní iléèwé ìjọba. Ṣé ó yé wa?

Wọ́n á ní bí a bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, àwọn ọmọ á ya ìwé. Kí wọ́n ya á! Ìwé tí ọwọ́ ọmọ ọgọ́rùn-ún fà ya ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún. Èyí tí wọ́n tì mọ́lé ńkọ́? Ikán ń kà á. Wọ́n á tún ní fóònù ló ba ọmọ jẹ́. Alága tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ìwé wo lòun náà kà gbẹ̀yìn, yàtọ̀ sí bébà ètò ìpàdé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ tí fóònù nìkan wà níwájú rẹ̀, fóònù ló máa mú. Ẹ gbé ìwé tì í ná, ká wò ó.

Wọ́n á wá ní kò sówó. Ní Alesa kẹ̀! Lóṣù kẹta ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu bílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là láti fi tún iléeṣẹ́ ìfọpo tó wà níbẹ̀ ṣe. Lóṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n lu agogo fáráyé pé ó ti ń fọ epo. Lóṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n tún tì í, wọ́n ní àtúnṣe oṣù kan péré ni. Oṣù kan náà ń gùn títí tọ́dún fi parí. Ẹni tó rí irú owó bẹ́ẹ̀ fi ra ayọ̀ oṣù mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ lanu sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ pé òun ò rówó ìwé ìtàn. Àti ìwé àti kọ́bọ́ọ̀dù, kò tó owó tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò epo tí kò jáde.

Owó ìwé gan-an kúkú wà, àwọn òbí ló ń san án. Kí la fẹ́ pe wọ́ọ̀kìbúùkù tí iléèwé aládàáni ń tà fún wa ní táàmù àkọ́kọ́ ọdọọdún? Nígbà kan rí, ìwé tí ẹ̀gbọ́n kà ni àbúrò ń kà, tí àbúrò bá kà á tán, ó di ti ọmọ aládùúgbò. Ní báyìí, wọ́n ti fàlà sínú ìwé fúnra rẹ̀, kí ọmọ máa fi báírò kọ ìdáhùn síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, ó ti di bébà àkàrà. Ẹni tó bá sì gbọ́n, tó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ kó lè rẹ́ ẹ fún àbúrò, á bá a lọ́dún kejì pé wọ́n ti pààrọ̀ àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé, wọ́n sì ti gbé àwòrán ewúrẹ́ kúrò lójú ewé kẹfà lọ sí ìkẹsàn-án. Ẹ̀dà tuntun ni wọ́n ń pè é. Òǹtẹ̀wé mọ̀ ọ́n, onílé-ìwé mọ̀ ọ́n, ìpín sì ń lọ síbi tó ń lọ. Ọmọ máa ra ìwé méjìlá lọ́dún, kò ní ní ẹyọ kan tó lè kà lẹ́ẹ̀mejì. 

Ìgbádùn ló sì ń mú ọmọ kàwé, kì í ṣe wọ́ọ̀kìbúùkù. Fagunwa, olùkọ́ iléèwé, tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde lọ́dún 1938, àwọn ọmọ sì ń kà á ṣáájú tíṣà torí wọ́n fẹ́ mọ ẹ̀mí àìrí tó kàn. Ní ilẹ̀ Ogoni, lágbègbè Alesa, Ken Saro-Wiwa, tó ti ṣe kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ní Rivers rí, kọ Tambari fún àwọn ọmọdé lọ́dún 1973. Gbogbo ayé mọ bí wọ́n ṣe pa á lọ́dún 1995. Ọmọ mélòó ní ìtòsí ibẹ̀ ló ti fọwọ́ kan ìwé tó kọ fún wọn?

Ọmọ tí wọ́n ní kó dáhùn ìbéèrè márùn-ún lẹ́yìn ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ìdánwò ló ń ṣe. Ta ló ń ṣe ìdánwò lẹ́yìn àlọ́? Ìyá àgbà pa á, a ṣe ègbè, a sì ní kó tún òmíràn pa. Kí tíṣà jókòó, kó ka ìtàn sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó dákẹ́ níbi tó dùn jù, kó sì fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì láìti nǹkan kan. Kò gba kọ́ńtíráàtì, kò gba ìrìn àjò lọ sí Àbújá.

Títí àwọn iléèwé á fi ṣe é, iṣẹ́ kan wà fún àwọn òbí. Nípàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, kí wọ́n tó dé orí owó léṣìnnì, kí ẹnìkan dìde bi ọ̀gá iléèwé pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ìtàn wo lọmọ mi gbé wálé lọ́sẹ̀ yìí?” Bó bá ní wọ́ọ̀kìbúùkù, kí onítọ̀hún má tíì jókòó.