Tẹlifíṣọ̀n Ọ̀fẹ́: Gbèsè Tí Ìjọba Jẹ Aráàlú

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ni àwọn àgbà wí. Ní Nàìjíríà lónìí, ìtẹ́ tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n nínú ilé rẹ̀ ti tóbi ju eku lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2025, ilé iṣẹ́ MultiChoice gbé owó oṣooṣù DStv Compact kúrò ní ₦15,700, ó sì sọ ọ́ di ₦19,000. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000. Òṣìṣẹ́ tó bá ń gba iye yìí, tó sì fẹ́ san owó Compact, yóò yọ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú owó oṣù rẹ̀. Lọ́dún, ₦228,000 ni, èyí tó ju owó oṣù mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, gbìyànjú láti dá àfikún náà dúró. Ọ̀rọ̀ náà di ti ilé ẹjọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá sọ pé àjọ náà kò ní agbára láti pinnu iye tí ilé iṣẹ́ aládàáni yóò máa ta ọjà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò pẹ̀lú: náírà ti já wálẹ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì fi ń ra ẹ̀tọ́ láti gbé bọ́ọ̀lù sáfẹ́fẹ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ariwo kò lè mú owó wálẹ̀. Ohun tó lè mú un wálẹ̀ ni kí oníbàárà rí ibòmíràn tó dára lọ.

Ibòmíràn yẹn ni kò sí. Ní ọdún 2007, HiTV gba ẹ̀tọ́ láti ṣàfihàn ìdíje Premier League ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sáré lọ ra dikódà rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2010, kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé, tí dikódà àwọn èèyàn sì di ohun ọ̀ṣọ́ lásán lórí tábìlì. Ní ọdún 2020, àjọ NBC ṣe àtúnṣe sí òfin rẹ̀ kí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo má baà máa dá gba eré ìdárayá pàtàkì mọ́ra. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó fagi lé àtúnṣe náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà tẹ́lẹ̀ ló padà sí.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣèlérí, òun sì ni tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ ti ìgbàlódé. Lábẹ́ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva ní ọdún 2006, ó yẹ kí Nàìjíríà ti kúrò lórí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ àtijọ́ bọ́ sórí ti dígítà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015. Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere: ojú afẹ́fẹ́ tí ìkànnì kan ṣoṣo ń lò tẹ́lẹ̀ yóò gba ọ̀pọ̀ ìkànnì, aráàlú yóò ra dikódà lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní san owó oṣooṣù kí ó tó rí ìròyìn wò. Ọjọ́ náà kọjá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni ètò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jos. Ó dé Àbújá, Ìlọrin, Kàdúná, Enugu àti Òṣogbo, ó sì di ọdún 2021 kí ó tó dé Èkó àti Kánò. Títí di òpin ọdún yẹn, ibi tó dé kò tó ìdajì àwọn ìpínlẹ̀ 36. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ti ta lára ojú afẹ́fẹ́ tẹlifíṣọ̀n fún ilé iṣẹ́ MTN ní ọdún 2015, ní bílíọ̀nù 34 náírà. Ẹni tó ti gba owó ọjà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oníbàárà dúró ju báyìí lọ.

Títí ìjọba yóò fi san gbèsè náà, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan bi ara rẹ̀ kí ó tó gbówó sílẹ̀. Èkíní: kí ni wọ́n ń wò ní tòótọ́? Ilé tó jẹ́ pé ìròyìn, fíìmù àti ètò ìsìn ló gbájú mọ́ kò ní ìdí láti san owó tí bọ́ọ̀lù gbé ga.

Èkejì: ṣé owó ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí owó tí kò lópin? Díìṣì tí a fi ń gba ìkànnì ọ̀fẹ́ láti ojú sátẹ́láìtì ń gbówó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé e kọ́. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí yóò já a nítorí oṣù parí. StarTimes fàyè gba sísan owó lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tó rọrùn fún ẹni tí owó ojúmọ́ ń wọlé fún, ṣùgbọ́n kí ó ṣírò rẹ̀ dé òpin oṣù kí ó tó pè é ní ọ̀pọ̀. Wíwo ètò lórí fóònù náà kì í ṣe ọ̀fẹ́: ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn.

Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè, ni èyí: bí owó bá tán, kí ni yóò kù lọ́wọ́ wọn? Dikódà olówó gọbọi tó ń ká ètò sílẹ̀ ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí owó oṣooṣù, inú rẹ̀ nìkan ni ohun tó bá ká sì ń gbé. Dikódà ọ̀fẹ́ olówó pọ́ọ́kú ń bẹ lọ́jà tó ní ihò fíláàṣì, tó sì lè ká ètò sórí fíláàṣì náà. Kí olùrà ní kí ẹni tó ń tà á dán an wò lójú òun kí ó tó sanwó, nítorí kì í ṣe gbogbo ihò fíláàṣì ló ń ká nǹkan sílẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì nìkan. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn olóṣèlú Nàìjíríà sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbá èèpo ẹyin mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdílé tó bá ká ìpàdé ìtakùrọ̀sọ àwọn olùdíje sílẹ̀ sórí fíláàṣì lè gbé e jáde lọ́dún kẹta, kí gbogbo ilé tún gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa iná, ojú pópó àti owó oṣù. Ẹni tí kò rówó san kò lè wo ìtakùrọ̀sọ náà, áńbọ̀sì kí ó tọ́jú rẹ̀; ohun tí ọ̀rẹ́ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni yóò di ìròyìn fún un.

Ìdìbò ọdún 2027 ti kanlẹ̀kùn. Kí àwọn tó ń tọrọ ìbò bọ́ síta, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ yóò dé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó kù, àti iye tí wọn yóò máa ta dikódà rẹ̀. Kí aráàlú sì ká ìdáhùn wọn sílẹ̀.