Ìtàn Ìṣègùn Kì í Ṣe Ti Oníṣègùn Nìkan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ìwòsàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, iwájú ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá ń wò. Wọn a ka orúkọ ewé àti egbò sí akẹ́kọ̀ọ́ létí, wọn a ní Ṣànpọ̀nná ni ó ni ìgbóná. Akẹ́kọ̀ọ́ a há a sórí, a sì lọ dà á sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Kò sí ọdún, kò sí orúkọ ènìyàn, kò sí àríyànjiyàn. Èmi kò lè pe èyí ní ẹ̀kọ́. Ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá máa ka ìwé ìtàn ìṣègùn, kí ó sì máa jíròrò lórí rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìṣègùn kò kan olùkọ́ èdè. Ta ni ó yọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí nínú ègbé? Samuel Johnson kọ ọ́, ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù lọ́dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé, òun náà sì kú ní 1901. Obadiah, àbúrò rẹ̀, ni ó ṣe àtúnkọ rẹ̀ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Dókítà ni Obadiah. Ìtọ́jú àìsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó kọ àpilẹ̀kọ lé lórí ní Edinburgh ní 1889. Bí dókítà kò bá wí pé ìtàn kò kan òun, èéṣe tí àwa yóò fi wí pé ìṣègùn kò kàn wá?

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìgbóná. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà (1861–1935) wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣànpọ̀nná ní ìkọ̀kọ̀, ó sì fi ẹ̀sùn kan àwọn àwòrò kan pé wọ́n ń fi èépá ara aláìsàn tan àrùn náà ká. Ìjọba amúnisìn fi òfin de ìsìn náà. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán nílé ayé. Ìbéèrè pọ̀ níbẹ̀: ẹ̀rí wo ni Sàpàrà rí? Ta ni ó gbọ́ tẹnu àwọn àwòrò? Ṣé ó tọ́ kí a tìtorí àwọn kan de ìsìn gbogbo ènìyàn? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jiyàn lórí èyí ti kọ́ bí a ti ń wọn ẹ̀rí.

Ìwé kò wọ́n wa. Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé Pierre Verger lórí ewé Ọ̀sanyìn jáde ní 1967. Ní 1985, Adélọlá Adélóyè kọ ìwé lórí àwọn dókítà ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọdún náà ni ìwé Anthony Buckley lórí ìṣègùn Yorùbá jáde. Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú wọn. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí iṣẹ́ fi wà fún wa: kí a kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì jíròrò rẹ̀ ní Yorùbá tí ó yanjú.

Ní Ẹdẹ níbí, ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's tú àbùdá kòkòrò àrùn kòrónà tí a gbà lára aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà palẹ̀. Òun ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ní àkókò náà, àhesọ ń ti ilé dé ilé pé àrùn náà kò sí. Ọmọ tí a ti kọ́ láti bèèrè pé, “Ta ni ó wí i? Báwo ni ó ṣe mọ̀?” kò ní gbé àhesọ mì bí ẹni gbé òkèlè mì.

Ẹ má ṣe ní àyè kò sí nítorí ìdánwò. Orí kan nínú ìwé kan, wákàtí kan ní sáà kan, kò lè pa ìdánwò lára. Ẹ̀yin olùdánwò náà, ẹni tí ó dárúkọ Sàpàrà, tí ó sì sọ ohun tí a lè fi ta kò ó, ti ju ẹni tí ó ka ewé ogún sílẹ̀ lọ. Kí ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ ní sáà tí ń bọ̀.