Ẹ Má Dúró De Iná Ìkìlọ̀ Epo

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ onímọ́tò kì í rọ epo kún táńkì mọ́. Wọ́n á ra èyí tí agbára wọn ká, wọ́n á sì máa lò ó títí iná ìkìlọ̀ yóò fi tàn.

Ewu wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, inú táńkì ni pọ́ǹpù epo wà, epo tó yí i ká ló sì ń mú un tutù. Bí epo bá lọ sílẹ̀ jù, pọ́ǹpù á máa gbóná, á sì lè fa afẹ́fẹ́ mọ́ epo bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Bó ṣe ń tètè bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì jẹ́ òdo yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ máa fi owó kún owó kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Lẹ́yìn náà, lítà 10 tí ẹ bá lò ni lítà 10 tí ẹ máa rà padà.

Bí ẹ bá ń kó ọmọ rìnrìn àjò, bóyá láti Lọ́kọ́ja sí Àbújá, ẹ má jẹ́ kó dín ní ìdajì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń jẹ epo, òru kò sì ṣe é dúró sí lójú ọ̀nà. Ẹ má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí búùtù o. Òórùn rẹ̀ nìkan lè gbiná.