Hándù Ọ̀kadà Tó Tẹ̀ Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Wẹ́dà

Bí ọ̀kadà bá ṣubú, hándù ló sábà máa ń kọ́kọ́ fara gbá. Kò dìgbà tí ọlọ́kadà bá kọlu mọ́tò. Ẹrẹ̀ ọ̀nà oko nìkan ti tó. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn náà kò yàtọ̀ láti Ṣakí dé Ìkòròdú. Wọ́n á ki páìpù gígùn bọ ẹnu hándù náà, ọkùnrin méjì á fà á títí tí yóò fi jọ èyí tó tọ́. Bó bá sán, wẹ́dà á jó o. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kadà ti padà sójú títì, ó gbé ọmọ iléèwé méjì sẹ́yìn.

Àṣà yìí léwu, ó sì yẹ kó dópin. Hándù tó bá tẹ̀, pípààrọ̀ ló yẹ ẹ́. Ọlọ́kadà sì lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Páìpù irin oníhò ni hándù Bajaj Boxer àti TVS tó kún ojú pópó wa. Nígbà tó bá tẹ̀, irin ìhà kan á fà, ti ìhà kejì á kákò. Bí wọ́n bá tún nà án padà, agbára ojú ibẹ̀ á dín kù, ó sì lè máa sán díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Iná wẹ́dà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń jó kúróòmù dànù, ìpata á wọlé, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó á sì di ibi tó rọrùn láti dá. Kílọ́ọ̀shì, búréèkì iwájú àti ibi tí wọ́n ti ń fún ọ̀kadà níná, orí hándù kan náà ni gbogbo wọn wà. Bó bá dá lórí eré, kò sí ohun tí ọlọ́kadà fẹ́ dì mú mọ́.

Iṣẹ́ pípààrọ̀ rẹ̀ kò le. Kí wọ́n gbé hándù àtijọ́ lọ sọ́jà kí wọ́n lè fi wọn tuntun. 22 mílímítà ni ìnípọn rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kéékèèké. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi fóònù ya bí kébù ṣe gbà kọjá kí wọ́n tó tú ohunkóhun, kí wọ́n sì tẹ́ àkísà sórí táǹkì. Omi ọṣẹ máa ń jẹ́ kí rọ́bà ọwọ́ yọ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó bá ń lo òróró búréèkì, kí wọ́n má ṣe dojú ife òróró náà délẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ inú rẹ̀. Bóòtì tó di hándù mú, díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa fún wọn, kí wọ́n má fún ọ̀kan pa kí wọ́n tó kan èkejì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú ni ìdánwò ìkẹyìn, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀mí wà. Bí wọ́n bá yí ọwọ́ iná tí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n dáná sí i, kí wọ́n yí hándù dé òpin lápá òsì, kí wọ́n tún yí i dé òpin lápá ọ̀tún. Bí ẹ́ńjìnnì bá pariwo sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un níná, kébù ló há tàbí tó kúrú. Ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ lè fò lọ lójijì ní kọ́nà. Bí hándù tuntun bá sì wà ní títọ́ tí ọ̀kadà ṣì ń fà sápá kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sọ́kì iwájú ló tẹ̀. Ìyẹn di ti mẹkáníìkì.

Àwọn ọlọ́kadà á ní owó ni kò sí. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọ̀kadà lójoojúmọ́, ọjọ́ tí wọn kò bá ṣiṣẹ́ sì di gbèsè sí wọn lọ́rùn. Ìdí nìyí tí wẹ́dà fi ń yá wọn lára. Ẹni tó ni ọ̀kadà ló yẹ kó ra hándù tuntun, kó sì fojú fo owó ọjọ́ tí wọ́n fi tún un ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kadà tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ náà lè yọ díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, kí wọ́n fi ra sípánà àjùmọ̀lò sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí kò ní lè yá a lò.